Ìdásílẹ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà fún Àwọn Ọmọdé ní Ìlú Boston

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ilé, àga, pátákó ìkọ̀wé àti olùkọ́. Díẹ̀ ni àwọn tí ó máa ń bèèrè pé ta ni yóò máa san owó oṣù olùkọ́ náà nígbà tí ìtara àwọn olùdásílẹ̀ bá ti rọlẹ̀, ta ni ó sì ní àṣẹ láti ti ilẹ̀kùn ilé náà pa. Ìtàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní ìlú Boston, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò lè yé ẹni tí kò bá bèèrè ìbéèrè méjèèjì yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn náà dá lé. Èkíní ni Elma Lewis School of Fine Arts, tí a dá sílẹ̀ ní àdúgbò Roxbury ní 1950. Èkejì ni Conservatory Lab Charter School, tí ó ṣílẹ̀kùn ní 1999. Ẹnì kan náà kọ́ ni ó dá wọn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èkejì kì í ṣe ọmọ bíbí inú èkíní. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó pa èkíní kò lè mọ ìdí tí a fi fi ìwé òfin gbé èkejì ró.

Roxbury wà ní ìhà gúúsù ìlú náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn Júù fi pọ̀ ní apá rẹ̀ tí ó kángun sí ọgbà ńlá tí à ń pè ní Franklin Park. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí Boston ká, àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti gúúsù Amẹ́ríkà wá, pẹ̀lú àwọn tí ó ti àwọn erékùṣù Kàríbíánì wá, sì ń gba ipò wọn. Inú irú ìdílé àtọ̀húnrìnwá bẹ́ẹ̀ ni a bí Elma Lewis sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, 1921. Barbados ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọmọ ẹ̀yìn Marcus Garvey ni wọ́n, ẹni tí ó kọ́ àwọn ènìyàn dúdú pé kí wọ́n má ṣe máa wo ojú àánú ẹlòmíràn mọ́, kí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àti ìwé ìròyìn tiwọn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ilé tí a ti tọ́ ọmọ náà kò ní ṣe kàyéfì nípa ohun tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ijó, dùùrù títẹ̀ àti ewì kíkà sétígbọ̀ọ́ àwùjọ. Ó gba oyè ní Emerson College ní 1943, ó sì gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Boston University ní 1944. Ó ní ẹ̀bùn eré orí-ìtàgé, ṣùgbọ́n ìtàgé Amẹ́ríkà ìgbà náà kò ní ohun púpọ̀ tí ó lè fún obìnrin dúdú ju ipa ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ. Nítorí náà ó yíjú sí iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1950 ó gba ilé gbígbé kan ní Roxbury, ó sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 25 àti olùkọ́ 4 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ijó, orin, eré orí-ìtàgé àti àwòrán yíyà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí ilẹ̀ kò sì tíì ṣú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ Àyàn ń kọ́ ìlù lẹ́sẹ̀ baba rẹ̀, ọmọ Ọ̀jẹ̀ ń kọ́ iwì nínú agbo ilé. Kò sí ẹni tí yóò ní kí a kọ́ ilé ọ̀tọ̀ fún un. Oko ẹrú ti já okùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn baba ńlá àwọn ọmọ Roxbury. Orin wọn kò kú, gbogbo ayé ni ó sì ń jó sí i, ṣùgbọ́n ilé tí ó yẹ kí ó máa fi í lé ọmọ lọ́wọ́ ni kò sí mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì gbé apá kan nínú ẹrù náà. Elma Lewis fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ gbé ìyókù, kí ọmọ máa kọ́ ijó báléètì àwọn Òyìnbó lọ́wọ́ kan, kí ó sì máa kọ́ ìlù àti ijó Áfíríkà lọ́wọ́ kejì, láìka ọ̀kan sí ọmọlójú kí ó sì sọ èkejì di ọmọ ìyá àgbà. Gbogbo ẹni tí ó kọ́ kọ́ ni yóò di eléré. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kí ọmọ lè dúró níwájú ènìyàn kí ó má ṣe tijú ara rẹ̀.

Kí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń ṣe ní àkókò yìí? Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀. Ní 1964, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tí ń jẹ́ Jonathan Kozol bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí àwọn ọmọ dúdú pọ̀ sí ní Boston. Ní 1965, ó ka ewì kan tí Langston Hughes kọ nípa ayálégbé àti onílé fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Ènìyàn dúdú ni Hughes, ọ̀kan nínú àwọn akéwì tí ó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ewì náà kò sí nínú ohun tí àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí fún kíláàsì yẹn. Wọ́n lé olùkọ́ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé tí ó kọ lórí ọ̀rọ̀ náà, Death at an Early Age, jáde ní 1967, ó sì gba National Book Award ní 1968. Kí olùkọ́ tí ó bá ń ka èyí fi ara rẹ̀ sí ipò Kozol, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ewì tí òun ì bá yàn. Ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n lé e, ní 1970, Elma Lewis bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Black Nativity, eré ìbí Jésù tí Hughes yìí kan náà kọ, jáde lórí ìtàgé ní ìgbà Kérésìmesì, àwọn ọmọdé àdúgbò sì wà lára àwọn tí ń kọrin nínú rẹ̀.

Àwọn òbí náà kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ti ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a pa tì ni wọ́n kó àwọn ọmọ àwọn sí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú kò gbọ́, àwọn kan dá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwọn sílẹ̀ ní Roxbury: New School for Children ní 1966, Highland Park Free School ní 1968. Àwọn òbí ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń darí wọn, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ aláìní. Ọrẹ àwọn olówó àti àwọn àjọ aláàánú ni ó gbé wọn ró. Ní ti ìgbìmọ̀ alábòójútó àti òmìnira olùkọ́, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ó sún mọ́ ohun tí òfin wá sọ di ilé-ẹ̀kọ́ oníwèé-àṣẹ ní ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, àyàfi pé kò sí kọ́bọ̀ ìjọba kan tí ó ń wọlé sí wọn déédéé.

Àwọn ọdún yìí gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ Elma Lewis gbòòrò. Ní 1966 ó gba apá kan Franklin Park tí ó ti di ahoro, àwọn ará àdúgbò bá a tún ibẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré ọ̀fẹ́ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Playhouse in the Park ni wọ́n ń pè é. Duke Ellington, ògbóǹtarìgì onídùùrù, wá ṣeré níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ní 1968 ó dá àjọ ńlá kan sílẹ̀, National Center of Afro-American Artists, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wá di apá kan rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà kó sí Temple Mishkan Tefila, sínágọ́gù gàgàrà kan tí ó dojú kọ Franklin Park. Àwọn olùjọsìn ibẹ̀ ti kó lọ sí Newton ní àwọn ọdún 1950, ilé náà sì ti ọwọ́ àwọn Júù bọ́ sí ọwọ́ Elma Lewis. Nígbà tí ẹnu ń kun pé àárín Júù àti ènìyàn dúdú kò gún ní Boston, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé yẹn kì í ṣe kékeré.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan ilẹ̀ Yorùbá. Lára àwọn olùkọ́ tí Elma Lewis kó jọ ni Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tí ó dé Amẹ́ríkà ní 1950 láti kàwé ní Morehouse College ní Atlanta. Àwo orin rẹ̀, Drums of Passion, tí ó jáde ní 1960, gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi gbogbo. Òun náà dá ilé àṣà Áfíríkà kan sílẹ̀ ní Harlem, ní New York. Ibẹ̀ ni John Coltrane, afọnfèrè, ti ṣeré ní oṣù Kẹrin 1967, oṣù mẹ́ta péré kí ó tó kú. Ọ̀nà tí Ọlátúnjí ń gbà kọ́ni yẹ kí olùkọ́ fi ọkàn sí. Ẹnu ni ó fi ń kọ́kọ́ pe ìlù kí ọwọ́ tó kàn án. "Gun" àti "dun" ni ìró ńlá tí ó ti àárín awọ jáde. "Go" àti "do" ni ìró tí ó ti ẹ̀bá rẹ̀ jáde. "Pa" àti "ta" ni ìró tí ó dún bí ìgbátí. Nínú méjì-méjì yìí, èkíní jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, èkejì jẹ́ ti òsì. Ọmọ tí ó bá lè sọ ọ́ lẹ́nu ti kọ́ ọ ní ìdajì, kò sì ní láti mọ ìwé orin kà. Ọmọ Yorùbá kò ní í rí ohun àjèjì kan nínú èyí, nítorí ohun tí ìlù bá wí, ẹnu ni ó ti kọ́ ọ. Ọmọ Roxbury ni ó jẹ́ tuntun fún. Ó ti gbọ́ ọ níbi gbogbo pé ìlù Áfíríkà jẹ́ ariwo àwọn ará oko. Nísinsin yìí, ọkùnrin tí ó kàwé ní yunifásítì ń kọ́ ọ pé èdè ni, ó sì ní òfin.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ owó wà. Owó tí òbí ń san kò lè tó, nítorí bí a bá gbé e ga, àwọn ọmọ tí a torí wọn dá ilé náà sílẹ̀ kò ní lè wọlé. Àwọn àjọ ńlá bí Ford Foundation ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó àjọ aláàánú a máa bá ìgbà rìn. Lẹ́yìn ìjà ìgboro tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Grove Hall, ní Roxbury, ní oṣù Kẹfà 1967, àti lẹ́yìn ikú Martin Luther King ní 1968, ọ̀pọ̀ olówó ni ó ṣe tán láti nawọ́ sí àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú. Nígbà tí ẹ̀rù náà kúrò lára wọn, ọwọ́ náà ká. Ilé tí ó tóbi bí sínágọ́gù yẹn sì ń jẹ owó: òrùlé rẹ̀, ẹ̀rọ amúlégbóná rẹ̀, owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba pàápàá kò rọrùn. Ní oṣù Kẹfà 1974, Adájọ́ W. Arthur Garrity dá ẹjọ́ pé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ Boston mọ̀ọ́mọ̀ ya àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ láti àdúgbò kan sí òmíràn. Ohun tí ojú rí nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn, òkò tí wọ́n sọ lu àwọn ọmọdé, ti di ìtàn tí àwọn ìwé mìíràn ti sọ ní kíkún. Èyí tí ó kan iṣẹ́ ọnà jù lọ dé ní oṣù Kọkànlá 1980, nígbà tí àwọn olùdìbò Massachusetts fọwọ́ sí òfin tí à ń pè ní Proposition 2½, tí ó fi gbèdéke sí owó orí tí ìlú lè gbà lórí ilé àti ilẹ̀. Owó orí yẹn ni ó ń gbé ilé-ẹ̀kọ́ ró. Ní 1981, ọgọ́rọ̀ọ̀rún olùkọ́ ni Boston dá dúró. Nígbà tí owó bá wọ́n báyìí, a kì í sábà kan olùkọ́ ìṣirò. Olùkọ́ orin àti olùkọ́ àwòrán ni ó máa ń kọ́kọ́ gba ìwé ó-dìgbóṣe.

Ìgbà yìí gan-an ni òkìkí Elma Lewis kàn jù. Ní 1981, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí àjọ MacArthur fún ní ẹ̀bùn ńlá rẹ̀. Ní 1983, ìjọba Ààrẹ Reagan dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọnà. Ìjọba kan náà ni ó ń gé owó ìrànlọ́wọ́ àwọn ìlú ńlá kù. Wọ́n ń fi oyè bo olùdásílẹ̀ mọ́lẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ń rì. Ní 1990, lẹ́yìn ogójì ọdún, a ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àjọ rẹ̀ dá sílẹ̀ wà síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, eré Black Nativity náà kò sì dúró; ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ ọdún mẹ́fà ti lè wọlé lẹ́yìn ìgbà tí ó bá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba láti kọ́ ìlù, ibẹ̀ ni ó parẹ́. Elma Lewis fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, 2004.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀nà mìíràn díẹ̀, kí a lè mọ ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ kejì ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, Ray Budde, ni ó gbé èrò kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1988: kí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ máa fún àwọn olùkọ́ ní ìwé-àṣẹ fún ọdún díẹ̀ láti dán ọ̀nà ìkọ́ni tuntun wò. Ní ọdún 1988 yẹn kan náà, Albert Shanker, tí ó jẹ́ ààrẹ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́ tí ó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, gbé èrò náà lárugẹ níwájú àwọn oníròyìn. Kí àwọn olùkọ́ tí ń ka èyí fi í sọ́kàn pé ọwọ́ olùkọ́ ni àwọn méjèèjì fẹ́ kí ìwé-àṣẹ náà wà. Ìpínlẹ̀ Minnesota ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin ní 1991, ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sì ṣílẹ̀kùn ní St. Paul ní 1992. Nígbà tí Shanker rí i pé àwọn oníṣòwò ti ń na ọwọ́ sí ohun tí òun rò pé olùkọ́ ni yóò ni ín, ó yí padà, ó sì di alátakò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, 1993, Gómìnà William Weld fọwọ́ sí òfin àtúnṣe ẹ̀kọ́ ti Massachusetts. Owó ni olórí ọ̀rọ̀ inú òfin náà: ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹjọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú pé ìjọba kò ṣe ojúṣe rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó wà ní ìlú tálákà. Ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ oníwèé-àṣẹ, tí kò gbọdọ̀ ju 25 lọ lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn tí ó ṣáájú nínú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àwọn olùkọ́, òbí tàbí ẹgbẹ́ kan yóò kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, wọn yóò sọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ àti bí wọn yóò ṣe máa darí rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà, wọn yóò fún wọn ní ìwé-àṣẹ ọdún márùn-ún. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni yóò jẹ́. Kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òbí. Owó tí ìlú ì bá ná lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò tẹ̀lé ọmọ náà wá. Bí ọmọ tí ó fẹ́ wọlé bá ju àyè lọ, kèké ni a ó ṣẹ́. Kò sí ìdánwò àbáwọlé. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ohun mẹ́ta ni a ó wò kí a tó sọ ìwé náà dọ̀tun: bí àwọn ọmọ ṣe ń mọ̀wé sí, bí ìṣàkóso àti ìṣúná rẹ̀ ṣe dúró sí, àti bí ó ṣe jẹ́ olóòótọ́ sí ohun tí ó kọ sínú ìwé-àṣẹ rẹ̀. Bí ó bá kùnà, a lè gba ìwé náà padà, ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò sì kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta yìí ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ ọnà ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ lásán, orin jẹ́ àfikún tí a lè yọ nígbà tí owó bá wọ́n, kò sì sí òfin tí a rú. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a kọ orin sínú ìwé-àṣẹ rẹ̀, ẹni tí ó bá yọ ọ́ ti ba àdéhùn jẹ́, ó sì lè pàdánù ilé náà pátápátá. Ohun tí ó gbẹ̀yìn nínú ìṣirò owó ti wá di òpó ilé.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó dá Conservatory Lab Charter School sílẹ̀ gbà. Wọ́n bá New England Conservatory ṣe pọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin tí ó ti wà ní Boston láti 1867, níbi tí Larry Scripp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe lè fi orin kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní 1999 ni àwọn ọmọdé kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ó lò ní Brighton, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó ń kọ́ ìwé kíkà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì bí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n orin kì í dúró de ìgbà tí ìwé bá parí. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí olùkọ́ èyíkéyìí lè lò. Ọmọ tí ó bá ń ka ìwé orin yóò rí i pé àmì kan tí a ń fà gùn dé òǹkà mẹ́rin ṣe é pín sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba òǹkà méjì. Ó tún ṣe é pín sí mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Kí olùkọ́ ìṣirò tó dé orí ìdajì àti ìdámẹ́rin, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà ti pàtẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwé kíkà: etí tí ó bá mọ ìyàtọ̀ ohùn kò ní í pẹ́ mọ ìyàtọ̀ ìró nínú ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá rántí "gun" àti "dun" Ọlátúnjí yóò rí i pé ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì ní Boston. Ẹnu àti ọwọ́ ni ó ti kọ́kọ́ gbà wọlé, kí ó tó wá gba ọ̀nà ìwádìí yunifásítì.

Kèké tí òfin sọ pé kí a ṣẹ́ tún sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà di ohun ọ̀tọ̀. Boston Arts Academy, ilé-ẹ̀kọ́ gíríámà ìjọba tí ó ṣílẹ̀kùn ní ìlú náà ní 1998, a máa wo ẹ̀bùn ọmọ kí ó tó gbà á. Conservatory Lab kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kèké bá mú ni yóò gbé fáólìn, gòjé àwọn Òyìnbó, ìbáà ní etí orin, ìbáà má ní. Ní 2010, ilé-ẹ̀kọ́ náà gba ìlànà El Sistema, tí José Antonio Abreu dá sílẹ̀ ní Venezuela ní 1975, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ orin nípa fífi ohun-èlò wọn ṣeré papọ̀ nínú agbo ńlá, láti ìbẹ̀rẹ̀, láìdúró dìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá di ọ̀gá. Ọjọ́ ẹ̀kọ́ gùn sí i kí àyè lè wà fún èyí. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi àwọn kíláàsì lé e, kò sì mọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan mọ́.

Ó rọrùn láti sọ pé ìwé-àṣẹ ti ṣe ohun tí Elma Lewis kò rí ṣe. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Owó oṣù olùkọ́ orin kò dúró lórí bí inú ọlọ́rẹ kan ṣe dùn tó, òbí kò sì san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò tí ìwé-àṣẹ dé ni ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò gbogboogbò, MCAS, ní 1998, ìdánwò náà kò sì bèèrè orin. Ọmọ tí ó fi wákàtí kan ta fáólìn yóò jókòó níwájú ìbéèrè kan náà pẹ̀lú ọmọ tí ó fi wákàtí yẹn ṣe ìṣirò. Òpó ilé ni orin nínú ìwé-àṣẹ. Lójú olùyẹ̀wò, ìwé kíkà àti ìṣirò ni ìpìlẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ wà láàyè gbọ́dọ̀ sin ọ̀gá méjèèjì.

Ẹ̀sùn àwọn alátakò náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Owó tí ó tẹ̀lé ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò fi ihò sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí olùkọ́ àti òrùlé tí ó ṣẹ́ kù ń gba iye owó tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ihò yẹn sì lè gbé olùkọ́ orin ibòmíràn lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2016, wọ́n bi àwọn olùdìbò Massachusetts bóyá kí a fi kún iye ilé-ẹ̀kọ́ oníwèé-àṣẹ. Bíi 62 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó sọ pé rárá.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí ìdìbò kò lè dáhùn, òun ni ti irú ọnà tí à ń kọ́ ọmọ. Ìlù àti ijó Áfíríkà wà láàárín gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ Elma Lewis nítorí pé àwọn ará àdúgbò ni ó ni ilé náà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n pàdánù. Ilé-ẹ̀kọ́ orin àwọn Òyìnbó ni ó gba àgbàbí Conservatory Lab, gòjé wọn ni ó sì kọ́kọ́ bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Kò burú kí ọmọ dúdú ta fáólìn. Elma Lewis gan-an kò ní í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó burú. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí ó jókòó yíká tábìlì nígbà tí wọ́n ń yan ohun-èlò.

Ní 2018, Conservatory Lab kó sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún un ní ojú títì Columbia Road, ní Dorchester. Ojú títì yẹn bẹ̀rẹ̀ láti etí Franklin Park, ó sì lọ títí dé apá òkun. Ẹni tí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ náà jáde, tí ó fi ẹ̀yìn sí òkun, tí ó sì ń rìn lọ, ẹnu ọgbà tí Duke Ellington ti tẹ dùùrù fún àwọn ọmọ Roxbury ni yóò bá a dé.